Ẹ̀yin tíṣà pírámárì, báwo lẹ ṣe ń wọn okun ara àwọn ọmọ yín?

Tíṣà_Òṣogbo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo ti ń rò ó látọjọ́ Mọ́ńdè.

Pírámárì 4 ni mo ń kọ́ nílé-ìwé ìjọba kan ní Òṣogbo níbí, ọmọ 43 ló wà nínú kíláàsì mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, H.M. wa pe gbogbo àwa tíṣà sí ọ́fíìsì, wọ́n ní láti táàmù yìí lọ ká máa wọn okun ara àwọn ọmọ, pé PHE tá a kàn ń kọ sí bọ́ọ̀dù táwọn ọmọ ń dà kọ sínú nóòtù yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́, torí ohun tí mò ń fojú ara mi rí ń bà mí lẹ́rù. Níjọ́ kan báyìí mo ní kí wọ́n sáré yípo fíìdì lẹ́ẹ̀mejì péré, kí wọ́n tó yípo ẹ̀ẹ̀kan àwọn kan ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọbìnrin kan di àyà mú, ó ní "Àǹtí, ó rẹ̀ mí". Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o. Àwa tá a máa ń pọnmi láàárọ̀ ká tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, tá a tún máa dé tá a máa ṣeré ten-ten títí ilẹ̀ á fi ṣú, ta ló wọ̀n wá nígbà yẹn? Kò sẹ́ni tó wọ̀n wá, àmọ́ ara wa ń ṣiṣẹ́. Àwọn ti ìsinsìnyí, ọ̀kadà ló ń gbé wọn wá, ọ̀kadà ló ń gbé wọn lọ, wọ́n bá délé fóònù màmá wọn ló kù.

Ibi tó ti wá ń dùn mí ni pé H.M. ní ká fi máàkì sí i, máàkì lórí 20, ká tò wọ́n ní pọsíṣọ̀n, ẹni kìíní, ẹni kejì, títí dé ẹni kẹtàlélógójì, kó wọ ripọ́ọ̀tù káàdì, ká sì máa pe orúkọ àwọn tó ṣe dáadáa jù lórí asẹ́ńbìlì. Mo ní ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì tó sanra díẹ̀, òun ló mọ ìwé kà jù nínú gbogbo wọn, ti Yorùbá ni o, ti Gẹ̀ẹ́sì ni o, á kà á bí ẹni mumi. Ọ̀rọ̀bọ̀ làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kéde pé a máa sáré, ó tọrọ àyè pé òun fẹ́ tọ̀, kò padà wá títí wọ́n fi lu aago bréèkì. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ti lọ bá a, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Tí mo bá wá kọ ẹni kẹtàlélógójì sí káàdì ọmọ yìí, oore wo ni mo ṣe fún un?

Ohun èlò tí mo ní ò ju fèrè kan, bọ́ọ̀lù kan, tépù télọ̀ tèmi àti fóònù mi. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gùn láti mọ kìló, a ò ní. Iyanrìn ló wà nínú ọgbà wa, ó gùn díẹ̀ ju mítà 20 lọ, igi máńgòrò wà lápá kan. Píríọ́òdù PHE ò ju ìṣẹ́jú 35. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wọ̀n, báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n, kí ni mo sì máa sọ fún H.M. tí ò fi ní dà bíi pé mò ń ṣàfojúdi?

Kóòṣì_Bódìjà

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fún yín lókun sí i. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ PHE n'Ìbàdàn, mo ti ṣe ti ìjọba, mo ti ṣe ti àdáni. Màá sọ ohun tí mo mọ̀, ẹ mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Okun ara kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè máa sáré bí ẹtu kó má lè bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọmọkùnrin tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ ní kí wọ́n fa okùn lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wá wo apá ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń wọn oríṣiríṣi, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí iṣan ṣe lágbára tó, bí ara ṣe ń tẹ̀, bí ọmọ ṣe lè dúró láì ṣubú, bí kìló ẹ̀ ṣe bá gíga ẹ̀ mu sí. Àwọn ará Yúróòpù to tiwọn jọ lọ́dún 1988, Eurofit ni wọ́n pè é, ìdánwò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò gbówó.

Eré sísá ni mo máa pẹ́ lé lórí torí ibẹ̀ la ti máa ń ṣì í ṣe. Ẹ má ní kí wọ́n sáré yípo fíìdì kẹ́ ẹ wá máa wo ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ọmọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi agbára pa mọ́, á ti ná gbogbo ẹ̀ tán kó tó sá mítà 50, ó lè jẹ́ ohun tó dá èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín jókòó nìyẹn. Èyí tí mo máa ń lò ni eré àlọ-àbọ̀ ti mítà 20, èyí tí ohùn ń dún "píìm" fún wọn. Luc Léger àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Montreal, ní Kánádà, ló gbé e jáde níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ti kárí ayé báyìí. Ẹ máa fa ìlà méjì, mítà 20 á wà láàárín wọn. Ọmọ á ti ìlà kan sáré dé ìkejì kí ohùn tó dún, á yí padà, á tún sá a padà. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rọrùn, kìlómítà 8.5 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ó ní bíi sẹ́kọ́ńdì 8 àtààbọ̀ láti débẹ̀, kò le rárá. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú kan, eré á fi ìdajì kìlómítà lé sí i, sẹ́kọ́ńdì 8 ló máa kù fún un, bẹ́ẹ̀ láá máa le díẹ̀díẹ̀ lọ. Ẹni tí ò bá débi ìlà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ dá a dúró, ẹ kọ iye ìgbà tó sá a. Ohùn yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ sórí fóònù yín kẹ́ ẹ yá spíkà kékeré kan.

Tépù télọ̀ ò ju mítà 1 àtààbọ̀ lọ, àmọ́ ó máa ṣe é. Ẹ wá okùn, ẹ fi tépù wọn mítà 5 sára ẹ̀, ẹ ta kókó síbẹ̀, ẹ wá na okùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí ilẹ̀. Eérú ni kẹ́ ẹ fi fa ìlà lórí iyanrìn, ṣọ́ọ̀kì ò ní hàn. Ẹ jẹ́ kí àyè kù lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, torí ọmọ máa ń fi eré kọjá, ẹ ò ní fẹ́ kẹ́nì kan forí sọ igi máńgòrò. Tí àyè yẹn bá há jù, èyí tó jẹ́ mítà 15 wà tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ kéékèèké, ohùn tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi ti mítà 20 sá a. Ọmọ 10 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ 10 míì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kí oníkálukú máa ka ti ẹnì kejì ẹ̀. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ẹni tó ń kà ni yóò máa pariwo "ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀!" fún ẹni tó ń sá. Píríọ́òdù méjì á tó yín fún gbogbo wọn.

Èyí tó kù ò gba àkókò. Fífò láti ojú kan, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀ sí ojú ìlà, kó ju apá, kó fò síwájú lórí iyanrìn, ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú ìlà dé gìgísẹ̀ tó wà lẹ́yìn jù, ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tó dáa jù lẹ máa kọ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa fi wọn agbára ẹsẹ̀, èyí náà ni. Títẹ ara, kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ títí á fi kan páálí, ẹ fi rúlà lé orí páálí, kó rọra na ọwọ́ síwájú, kó má fò ó o. Ti ikùn, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún, kó fọwọ́ gbá àyà, kó máa dìde jókòó fún sẹ́kọ́ńdì 30. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ gbá ẹ̀yìn orí o, wọ́n á fi fa ọrùn. Ti dídúró láì ṣubú, súwẹ̀ ni mo máa ń lò, àní súwẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fò yìí, kò sóhun tó dáa tó o.

Ti kìló àti gíga, tẹ́ ẹ bá rí ìwọ̀n yá ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín, ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ sọ gíga ní mítà di ìlọ́po ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ohun tó bá jáde pín kìló, BMI ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ga ní mítà 1.30 tó wọn kìló 28, tiẹ̀ jẹ́ bíi 16.6. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú 25 àti 30 tí wọ́n fi ń mọ àgbàlagbà tó sanra jù wá bá ọmọdé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní tábìlì tiwọn fún ọmọ ọdún 5 sí 19, ọdún 2007 ni wọ́n gbé e jáde, ọjọ́ orí ọmọ àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin lẹ máa fi wò ó.

Ó wá ku ti máàkì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ ò lè fún ọmọ ní máàkì torí pé ó ga, tàbí torí pé bàbá ẹ̀ náà máa ń sáré. Ní Slovenia, láti 1987 ni wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ilé-ìwé jákèjádò orílẹ̀-èdè wọn, oṣù Kẹrin ọdọọdún ni, òbí ló máa ń fọwọ́ sí i, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń wo ọmọ náà bó ṣe ń dàgbà lọ. Torí pé wọ́n ní àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe rí i kíákíá lọ́dún 2020 pé okun àwọn ọmọ já wálẹ̀ nígbà tí kòrónà sé gbogbo wọn mọ́lé. Ẹ sọ fún H.M. pé kí máàkì wà fún pé ọmọ kópa, pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlùkìkì ọkàn lọ́rùn ọwọ́, pé ó mọ nǹkan tá à ń wọ̀n àti ìdí ẹ̀. Iye tó fò, iye tó sá, ẹ jẹ́ kó wà nínú nóòtù yín àti nínú nóòtù ọmọ náà.

Adébọ́lá_K

Mo ti jẹ́ ọmọ yẹn rí.

Pírámárì 5 ni mo wà. Wọ́n gbé ìwọ̀n wá sí kíláàsì, a tò, wọ́n ń pe kìló kálukú síta kí tíṣà kejì lè kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n pe tèmi, gbogbo kíláàsì hó. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi parí pírámárì mi ò jẹun lójú ẹnikẹ́ni nílé-ìwé mọ́, màá gbé fúláàsìkì mi padà lọ sílé bí màmá mi ṣe dì í. Mo ti di ẹni ọdún 34 báyìí, tí nọ́ọ̀sì bá ní kí n gun ìwọ̀n lọ́sìbítù, àyà mi ṣì máa ń já.

Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà yẹn ò ní in lọ́kàn láti ṣe mí níbi. Àmọ́ Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe nọ́ńbà ọmọ kankan síta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn kìló, ẹ lọ sínú ọ́fíìsì, ẹ ti ilẹ̀kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun Kóòṣì, ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ fò, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo ẹ̀.

Àǹtí, kẹ́ ẹ tó fọn fèrè, ẹ kọ ìwé sáwọn òbí. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta péré: ṣé ọmọ yìí ní ikọ́ fée, ṣé SS ni (àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell), ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ọkàn ẹ̀ ní wàhálà. Nínú ilé-ìwé tó ní ọmọ bíi 400 ní Nàìjíríà níbí, ó ṣòro kẹ́ ẹ má rí ọmọ SS níbẹ̀, àwọn òbí míì ò sì ń sọ, wọ́n ń bẹ̀rù ojú táwọn èèyàn á fi wo ọmọ wọn. Kì í ṣe pé ọmọ SS ò gbọ́dọ̀ ṣeré o. Eré dáa fún un. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó sá a títí okun á fi tán pátápátá, èyí tí eré "píìm" yẹn sì ń béèrè nìyẹn, pé kí ọmọ sá a títí kò fi ní lè sá mọ́. Omi bá tán lára ẹ̀, tàbí òtútù mú un lẹ́yìn tó làágùn, egungun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, SS ni. Ilé-ìwé kan tó ti lọ rí, wọ́n ní kí wọ́n máa sáré láti múra sílẹ̀ de inter-house, ó ní ó rẹ òun, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ọjọ́ mẹ́rin la lò lọ́sìbítù. Mo ti sọ fún wọn nípa ẹ̀ kí n tó fi sílé-ìwé yẹn, inú fọ́ọ̀mù ló wà, kò sẹ́ni tó kà á.

Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí inhaler ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó má wà nínú báàgì nínú kíláàsì. Gbogbo wọn, kẹ́ ẹ ṣe é láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí omi wà, kí wọ́n má ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, kí wọ́n sì má wá pẹ̀lú ebi náà, torí àwọn kan ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu láti ilé.

Àti ọmọbìnrin tẹ́ ẹ ní ó di àyà mú yẹn. Ẹ má jẹ́ kó sáré rárá títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fa ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ wálẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, tó bá funfun ju ti àwọn yòókù, ẹ pe màmá ẹ̀.

Bàbá_Tómi_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ ní Nàìjíríà o. Mo fẹ́ fi ohun tójú mi rí níbí kún un torí àwọn èèyàn yìí ti gba ọ̀nà tí H.M. yín fẹ́ gbà yẹn, wọ́n sì ti padà.

Láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Kraus-Weber fáwọn ọmọ Amẹ́ríkà àtàwọn ọmọ Yúróòpù, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó fìdí rẹmi, àwọn ti Yúróòpù tó fìdí rẹmi ò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà ká Ààrẹ Eisenhower lára débi pé ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí okun àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 1956. Láti 1966 wọ́n wá ń fún ọmọ tó bá ta 85 nínú 100 ẹgbẹ́ ẹ̀ yọ ní àmì ẹ̀yẹ Ààrẹ. Ẹ wò ó, ìyẹn ni pé látilẹ̀wá wọ́n ti mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ò ní gbà á. Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti lé ní 50, tí mo bá dárúkọ ìdánwò yẹn, bí wọ́n ṣe rọ̀ mọ́ irin lójú gbogbo kíláàsì tí wọn ò lè fa ara wọn sókè ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀ lẹ́yìn sáà 2012 sí 2013. Lóṣù Keje 2025, Ààrẹ Trump tún fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá a padà, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ mi ní Texas níbí ni FitnessGram. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Dallas, Cooper Institute, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1982, òfin ìpínlẹ̀ yìí sì ti ní kí ilé-ìwé ìjọba máa ṣe é láti kíláàsì 3 lọ sókè, látọdún 2007. Eré "píìm" tí Kóòṣì sọ yẹn wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni kìíní. Bébà tí Tómi gbé wálé, bóyá ó wà níbi tí ara ẹ̀ á fi dáa ni wọ́n kọ síbẹ̀, àbí ó kù díẹ̀, àti ohun tó lè ṣe sí i. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10, fún ọdún púpọ̀ wọn ò tiẹ̀ fi ìlà pé ó yege tàbí kò yege sí eré sísá tiwọn rárá, kí wọ́n ṣáà kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá a. Àwọn ọmọ pírámárì 4 yín ló bọ́ sí yẹn.

Màmá_Peckham

Ní England níbí, kìló àti gíga nìkan ni ìjọba ń wọ̀n, ní Reception (ọmọ ọdún 4 sí 5) àti Year 6 (ọmọ ọdún 10 sí 11), láti bíi 2006. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é, wọn kì í sọ iye ẹ̀ fún ọmọ níbẹ̀, òbí sì lè ní òun ò fẹ́. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Lẹ́tà tèmi ní ọmọ mi sanra jù, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn kí n má parọ́, ọmọ tó ń jó, tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí kì í rẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kí wọ́n má wọn kìló o, àmọ́ kìló nìkan ò lè sọ fún yín bí ara ọmọ ṣe rí. Àǹtí, ohun tí ọmọ lè ṣe ni kẹ́ ẹ wò.

Tíṣà_Òṣogbo

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ ìwé sáwọn òbí, 31 ló ti padà. Ọmọ méjì ló ní ikọ́ fée. Ọ̀kan jẹ́ SS, mi ò mọ̀ rárá, ó ti tó táàmù kan tí mo ti ń kọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i.

Kóòṣì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló kù tó ń dà mí láàmú. Ẹni tó kéré jù nínú kíláàsì mi jẹ́ ọdún 8, èyí tó dàgbà jù ti lé ní 12, ó ti ń ga, ohùn ẹ̀ ti ń yí padà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi àwọn méjèèjì sójú ìlà kan náà?

Kóòṣì_Bódìjà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an, ó yẹ kí n ti sọ ọ́, ẹ má bínú.

Àǹtí, ẹ ti rí ìdí tí pọsíṣọ̀n ò fi bọ́gbọ́n mu nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí láti inú rẹ́jísítà, ẹ kọ ọ́ ní ọdún àti oṣù, kẹ́ ẹ kọ gíga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tí ò mọ ọjọ́ ìbí ẹ̀, ẹ kọ pé kò mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣírò ọjọ́ ìbí fún un. Ọmọ tó ń balágà, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, iṣan ń jáde, ó máa fò ju ti ọmọ ọdún 8 lọ bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọ míì sì wà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ga lójijì, ara wọn á le díẹ̀, wọn ò ní lè tẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan nìkan, ẹ ò ní rí gbogbo ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí, ilẹ̀ kan náà, àsìkò kan náà láàárọ̀. Bàtà náà o, tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ lásán fò ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni kí wọ́n fi fò ní ìparí.

Tíṣà_Òṣogbo

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ti ṣe é.

Mo kọ́kọ́ lọ bá H.M. Ohun tí Adébọ́lá kọ ni mo kà fún wọn, mi ò fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí pọsíṣọ̀n kúrò, àmọ́ kí máàkì 10 wà fún pé ọmọ kópa kó sì lè ṣàlàyé. Wọ́n ṣì fẹ́ ká máa pe orúkọ lórí asẹ́ńbìlì, a jọ sọ ọ́ títí, a fi ti sí pé orúkọ kíláàsì la máa pe, kò ní sí orúkọ ọmọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Aago 8 àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Eérú ló dáa lóòótọ́. Ti mítà 15 la lò torí igi máńgòrò yẹn. Ní ti fífò, ẹni tó fò kéré jù fò sẹ̀ǹtímítà 78, ẹni tó fò jù fò 151, ẹni 12 ọdún yẹn ni. Ọmọ tó jẹ́ SS ló di fèrè mú, ó fò, ó ta súwẹ̀, kò sá eré píìm. Ọmọkùnrin mi tó mọ̀wé, mo ní kó wá kà fún ẹnì kejì ẹ̀ kó tó kan tiẹ̀. Ó kà á dáadáa. Nígbà tó kàn án, ó sá a lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó dúró, ó kọ 9 sínú nóòtù ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi hàn. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ọ̀rọ̀bọ̀, mò ń bá wọn jà lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin tó di àyà mú yẹn, mo wo ojú ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, funfun báláú. Mo pe màmá ẹ̀, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà l'Ọjà Ọba, wọ́n ní àwọn ti rò pé ọmọ náà kàn máa ń ya ọ̀lẹ ni. Wọ́n gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n fún un ní oògùn aràn àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó ti padà wá sílé-ìwé. Mi ò tíì jẹ́ kó sáré.

Ìbéèrè kan ló kù, Kóòṣì. Táàmù kejì máa bọ́ sínú ọyẹ́. Ṣé ká tún wọ̀n wọ́n nígbà yẹn, àbí ká dúró?

Kóòṣì_Bódìjà

Àǹtí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn.

Ẹ má sá eré nínú ọyẹ́, eruku yẹn ò dáa fún àwọn tó ní ikọ́ fée, òtútù àárọ̀ ò sì dáa fún ọmọ SS. Fífò, títẹ ara àti súwẹ̀ lẹ lè ṣe nígbà yẹn. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí eré sísá di oṣù Kẹta, tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ilẹ̀ ti tutù.

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ìbejì

Kí ọmọbìnrin yẹn lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán o, kó má dá a dúró torí pé ara ẹ̀ ti yá. Àwọn ìyá máa ń dá a dúró. Ẹ sọ fún màmá ẹ̀ pé kí wọ́n mú un padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù kan, kẹ́ ẹ tó fi sójú ìlà.